Gbogbo Ohun Tó Jẹ́ ti Moyin

Ọjọ́ kẹta tí bàbá wọn ti Íńdíà dé ni ó pe Ràdíátù ní Àǹtí.

Òwúrọ̀ ni. Ràdíátù gbé ògì wọlé fún un, ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá náà gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí mi. Ẹ kú wàhálà mi."

Ràdíátù kò rí i rí kí bàbá máa fi ẹ bá ọmọ tó bí sọ̀rọ̀. Sànúsí ni orúkọ bàbá yìí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ru ẹrù ní èbúté Kirikiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Ràdíátù sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ó rò pé oògùn ló ń da bàbá lórí rú.

"Bàbá, èmi ni o. Ràdíá ni."

"Mo mọ̀ ọ́," ni Sànúsí wí. Ojú rẹ̀ wá yí padà, bí ojú ẹni tó sùn lọ nínú ọkọ̀, tó jí, tó rí i pé òun ti kọjá ibi tí òun ń lọ. "Kí ni mo sọ?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹ mu ògì yín."

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó máa ń pè é ní Àǹtí mi báyẹn, tí yóò fa "mi" náà gùn bí ọmọ tó ń tọrọ nǹkan. Moyinolúwa ni, ọmọ bàbá rẹ̀. Moyinolúwa yìí kan náà ni wọ́n gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ sínú bàbá wọn, sábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, kí wọ́n tó rán an padà.

Bàbá kan ló bí wọn, ìyá kò pa wọ́n pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ràdíátù nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú. Sànúsí fẹ́ ìyá Moyin, obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò pẹ́ nílé kó tó pọn ọmọ rẹ̀, tó kó ẹrù lọ sí Ìjọra. Ibẹ̀ ni Moyin dàgbà sí. Ó kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù. Ọdún Iléyá àti ọjọ́ Kérésìmesì ni bàbá máa ń rí i. Ràdíátù ni kò kúrò ní Ajégúnlẹ̀. Ó lọ́kọ, ọkọ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ń rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù, fún àwọn onítírélà ní Warehouse Road.

Nígbà tí ikùn Sànúsí bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ti aláboyún, Ràdíátù ló ń gbé e lọ kí wọ́n fa omi inú rẹ̀. Nígbà tó ń bi ẹ̀jẹ̀, òun ló di abọ́ mú. Nígbà tí àìsàn náà gun orí, tí bàbá kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ mọ́, tó sì gbá a létí, òun ló rọra ká ọwọ́ náà padà sábẹ́ aṣọ. Dókítà Ebere, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Àpápá, wá pè wọ́n jókòó. Ó ní ẹ̀dọ̀ náà ti le koránkorán, oògùn kò ràn án mọ́, àfi kí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì fún un.

"Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó dáa gan-an," ni dókítà wí. "Ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà. Ti ẹni tó fi sílẹ̀ yóò hù, èyí tí wọ́n gbé sínú bàbá náà yóò sì dàgbà."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ràdíátù ti ká apá aṣọ sókè.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà pè é sí kọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ tiyín. Kò lè gbé bàbá." Wọ́n wá yẹ ti Moyin wò. "Èyí mọ́ tónítóní," ni dókítà sọ, bí ẹni ń yin ìkòkò tuntun. Ràdíátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára, ó jókòó síbẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi tọ́jú bàbá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí bàbá wá nílò, kò sí lára òun.

Bàbá àti Moyin lo oṣù mẹ́ta ní Íńdíà. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n dé, Moyin kò tíì lè gbé ohun tó wúwo, nítorí náà ó bá bàbá wá sí Ajégúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìgbà yẹn ni Ràdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ń ṣe àlùwàlá, ó sì ń fi imú kun orin kan. Ràdíátù tẹ́tí. Orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, èyí tí Moyin máa ń kọ bó bá ń fọ abọ́. Sànúsí tó ń kírun láti kékeré kò mọ̀ pé òun ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ mìíràn, Moyin ń jẹ gúgúrú ní pálọ̀, ó fi eyín gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, kò sì pariwo. Nínú yàrá, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, bàbá ké "Yéè!" ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ràdíátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Nígbà tí bàbá gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló rí i, ẹ̀rù ni ìbá bà á. Ẹ̀rù kọ́ ló ba Ràdíátù. Owú ló ń jẹ ẹ́. Bí bàbá bá sùn lọ́sàn-án, a máa wo ikùn rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń lọ sódò, a sì máa rò ó pé Moyin ló wà níbẹ̀ yẹn, Moyin ni wọ́n gbà láyè níbi tí wọ́n ti lé òun padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn aládùúgbò kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n kún pálọ̀, wọ́n wá kí aláìsàn. Doris tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá, ó sì ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Sister Moyin, you try o! Na you born your papa again so!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sànúsí kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ Moyin, ó gbé e lé ojú abẹ tó wà lára òun.

"Òótọ́ ni Doris sọ," ó ní. "Ọmọ yìí ti bí mi. Láti òní lọ, òun ni àkọ́bí ilé yìí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ràdíátù ń bọ̀ láti inú, ó gbé ife mẹ́fà lórí tiréè. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Kò sí ife tó kan èkejì.

Moyin tẹ̀lé e dé ilé ìdáná. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Bàbá lóhùn. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló burú nínú ohun tó sọ? Ṣé irọ́ ló pa ni?"

Moyin na ọwọ́ kó fi kàn án léjìká. Ràdíátù yí ẹ̀yìn padà, ó ṣí omi sórí abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Moyin padà sí Ìjọra kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní òun yóò wá wo bàbá lọ́jọ́rú. Ràdíátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ náà yí kọ́nà tán, ó wọlé lọ mú ìgbálẹ̀.

Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àwórì ni ìyá àgbà yìí, ọmọ etí omi, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí o kò bá fẹ́ kí àlejò kan wọ ilé mọ́, gbá ipasẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e títí dé ìta, kí o sì dárúkọ ohun tí ò ń lé. "Ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́ tán, Ràdíá. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ tán, fúnra rẹ̀ ni yóò wá ibi tí yóò wọ̀. Ẹni tó bá sì gbá nǹkan jáde, òun nìkan ló lè fà á wọlé." Ràdíátù kò dán an wò rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Moyin ń sùn. Ó gbá a la pálọ̀ kọjá, ó gbá a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí nílẹ̀, síbẹ̀ ìgbálẹ̀ náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbá iyanrìn tí omi ti rin. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ ọ́ kedere: "Gbogbo ohun tó jẹ́ ti Moyinolúwa, jáde nínú ilé bàbá mi. Má padà wá mọ́." Ó gbọn ìgbálẹ̀ sínú gọ́tà. Nǹkan tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó jáde lọ.

Ara tù ú. Ó se ẹja fún bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń rántí ìgbà tí òjò wọ́ òrùlé ilé wọn àtijọ́ lọ. Bàbá pè é ní Ràdíá lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣì í pè.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í họ àtẹ́lẹwọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí kóòkì. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ti wà níwájú Dókítà Ebere.

"Ṣé ó fo oògùn ni?"

"Èmi ni mo ń kà á sí i lọ́wọ́. Kò fo ọ̀kankan."

Dókítà wo ìwé àyẹ̀wò náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ara rẹ̀ ń kọ ẹ̀dọ̀ náà. Nítorí irú èyí la ṣe ń fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn. Ara mọ̀ pé àlejò ni. Ó fẹ́ lé e jáde nínú ilé."

"Ilé wo?"

"Ara ni mo ń pè nílé, mà. Ara bàbá yín."

Ràdíátù gbé ojú sókè. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, lábẹ́ ìró yẹn ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn tí kò sọ irú ilé tó ní lọ́kàn: gbogbo ohun tó jẹ́ ti Moyinolúwa.

Wọ́n dá bàbá dúró, wọ́n ń fa oògùn líle sí i lára. Dókítà ní bí kò bá yí padà di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹ̀dọ̀ mìíràn níbì kankan tí wọn yóò rí gbé fún un. Ràdíátù pe Moyin lórí fóònù pé kó wá rí bàbá. Moyin ní òun ń bọ̀ kíá. Kò dé lọ́jọ́rú. Kò dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ràdíátù sáré wá sílé wá mú aṣọ bàbá. Bó ṣe ń jáde padà, ó rí Moyin tó ń bọ̀ láti ìkóríta, ó mú ọsàn dání nínú náílọ́ọ̀nù. Oòrùn ń mú ganrínganrín, kò sí òjìji kankan tó lè di ẹnikẹ́ni lójú. Moyin kọjá níwájú rẹ̀, kò kí i. Ó dé òpin àdúgbò, ó padà. Ó tún kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró níwájú ilé gan-an, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí Ràdíátù, ó kọjú sí i, ó ń wo àyà rẹ̀ bí ẹni ń wo ògiri. Ó yọ fóònù. Fóònù Ràdíátù dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi." Ohùn náà wá láti ibi méjì, láti inú fóònù àti láti ojú títì. "Mo wà ládùúgbò yín. Mi ò rí ilé."

"Moyin..."

"Mo rí ilé Doris. Mo rí ilé alágbàfọ̀. Ńṣe ni wọ́n so mọ́ ara wọn, kò sí nǹkan kan láàárín. Mo dé ọsibítù láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì òfìfo ni wọ́n nawọ́ sí fún mi. Mo bi wọ́n pé bàbá mi ńkọ́, wọ́n ń wò mí bíi wèrè. Àǹtí mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Ràdíátù bọ́ sí títì, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, ọsàn tú kálẹ̀. "Ibo lẹ ti yọ?"

Ojú títì níbẹ̀ ni Ràdíátù ti jẹ́wọ́. Ó sọ ti ìgbálẹ̀. Ó sọ gbólóhùn náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè mọ́ wọn pé kí wọ́n yà lọ́nà.

Moyin kò sunkún. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kórìíra mi tó?"

"Mi ò kórìíra rẹ. Èmi ló yẹ kí wọ́n gé. Èmi ló yẹ kí n wà nínú rẹ̀."

Moyin wo ọsàn tó tú kálẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń jowú yín," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní Bàbá lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi bá a mu, inú mi dùn débi pé ojú tì mí."

Ràdíátù kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú méjèèjì, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fà á bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ Moyin dúró.

"Ògiri ni, Àǹtí mi."

Kò sí ògiri níbẹ̀. Síbẹ̀ Ràdíátù rí àwọn ìka ẹsẹ̀ Moyin tó tẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lásán títí wọ́n fi funfun. Ó ní, "Gbogbo ohun tó jẹ́ ti Moyinolúwa, wọlé." Ẹsẹ̀ náà kò ṣí. Ó tún un sọ. Kò ṣí. Ó sì mọ ohun tó fà á: ẹnu ń pè é wọlé, inú kò tíì gbà. Ó wá rántí bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé kó má bàa họ ara rẹ̀ bó.

"Wọlé," ó ní, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Wọlé, gba ipò mi. Gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi nílé bàbá mi, mo fún ọ. Kí Bàbá ṣáà ti yè."

Ẹsẹ̀ Moyin bọ́ sínú ilé. Nǹkan kan gba àárín àtẹ́lẹwọ́ wọn kọjá, bí okùn tí wọ́n ń fà gba ojú tapólì, ó gùn, kò sì tètè tán.

Kò pé wákàtí kan tí dókítà fi pè. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò ti ń yí sí rere.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Sànúsí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní ọsibítù. "Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀dọ̀ tó sì bọ́," ni Dókítà Ebere wí. "Mi ò tíì rí èyí tó yá báyìí." Ó na ìwé oògùn sí Moyin. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ bá wa mójú tó o." Ràdíátù rò pé ó ṣì wọ́n mú ni.

Moyin kó wá sílé ní Ajégúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ní kó kó wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Doris pariwo láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, "Madam Ràdíá, good morning o!" Kí Ràdíátù tó la ẹnu, Moyin ti dáhùn láti ilé ìdáná. Ojú Doris kan Ràdíátù, ó fi orí kí i bí a ṣe ń kí àlejò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Onítírélà kan gbé tapólì tó ya wá. Moyin tí kò di irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ mú rí ló jókòó tì í, ojú ìrán rẹ̀ sì gún régé. Ràdíátù fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, bàbá ti mọ́ṣáláṣí dé, ara rẹ̀ le, ó fi orí ti ìrọ̀rí lórí àga gbọọrọ.

"Ràdíá," ó pè.

"Bàbá mi," ni Moyin dáhùn. Ó wá jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọjọ́ tó bí i. Ó ní ọkọ̀ ẹrù kan rì lábẹ́ wọn ní Kirikiri, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, òun sáré wálé pẹ̀lú aṣọ tútù, òun sì bá ọmọ tuntun lórí ẹní. "Ìyá rẹ ní kí n má tíì fọwọ́ kàn ọ́, pé omi iyọ̀ wà lára mi."

"Ẹ wá fi imú kàn mí," ni Moyin wí. "Ìyá mi sọ fún mi. Ó ní imú yín tutù, mo sì sín."

Ràdíátù dìde dúró. Ìyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá òun sọ ọ́ fún òun nìkan, lọ́dún tó kú, tí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sójú kan. Ó wá ojú ìyá rẹ̀ nínú ọkàn. Ó rí ìró aláwọ̀ ewé kan. Ó rí ọwọ́ méjì tó ń di ìró náà. Lókè ìró, kò sí nǹkan kan. Ó wá orúkọ rẹ̀, kò bá a.

Ó yẹ kó pariwo. Ó dúró de owú, nítorí ó mọ̀ pé owú ló yẹ kó dé báyìí, kò sì dé. Ńṣe ló ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó jókòó sílé onílé, tó rí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tó sì dára lójú rẹ̀.

Orí bàbá yẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ràdíátù tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ kó bá a tún un ṣe.

"Fi í sílẹ̀."

Moyin ti dìde. Kò fi ẹ kún un. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí bàbá má bàa gbọ́. "Èmi ni mo máa ń ṣe é."

Ràdíátù wo ojú rẹ̀, ó sì rí ibi tí owú náà lọ.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà àwọn onílé.